Ẹni Tó Wà Lókè Ọ̀pẹ

Ilé Oyèwùmí,
Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì,
Ìkirè.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kọkànlá, 2025.

Bàbá Àgbà mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìkirè. Ṣé ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ti ń jinná dáadáa? Ṣé Àǹtí Títílọlá ń rántí kán oògùn sí i láàárọ̀ àti lálẹ́? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọkàn mi nìkan ni kò fẹ́ balẹ̀, ohun tó sì fà á ni mo fẹ́ kọ sínú ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ Àǹtí ló ń kà á sí yín létí, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé fóònù wọn sí yàrá kejì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí Àǹtí bá gbọ́ láàárọ̀, gbogbo ẹbí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti gbọ́ ọ kó tó di ọ̀sán.

Ẹ ti sọ fún mi rí pé tí ọ̀rọ̀ bá ṣòro kọ, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti yé mi. Ibi tó ti yé mi nìyí. Ní Ọjọ́rú kan lóṣù tó kọjá, nínú oko kan ní Ìkirè-Ilé, mo gbójú sókè, mo sì rí ọkùnrin kan tó rọ̀ mọ́ igbà, okùn tó fi gun ọ̀pẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń wá ibi tí yóò tẹ̀. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé òkè ibí yìí kì í ṣe òfìfo. Ibi iṣẹ́ àwọn kan ni.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tí mo ń ṣe fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníkòkó ni pé kí n máa ya àwòrán oko wọn látòkè. Àwọn tó ń ra kòkó lókè òkun ń sọ pé àwọn fẹ́ mọ oko tí àpò kọ̀ọ̀kan ti wá, kó má lọ jẹ́ pé igbó ọba ni wọ́n bẹ́ kí wọ́n tó gbìn ín. Dróònù ni mo fi ń ṣe é, ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ yẹn, èyí tí ẹ rí nínú àpótí dúdú lábẹ́ ibùsùn mi tí ẹ ní ó jọ alákàn. Ìwé àṣẹ tó yẹ kí n gbà, mo gbà á. Ìwé ẹ̀rí tí mo gbà nílé ẹ̀kọ́ ní Leeds náà wà lọ́wọ́ mi. Mo rò pé mo mọ iṣẹ́ náà.

Lọ́jọ́ náà, mo ṣe gbogbo bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo wo afẹ́fẹ́. Mo wọn bí igi kòkó ṣe ga tó. Òfin tí mo kọ́ sọ pé dróònù kò gbọdọ̀ sún mọ́ ènìyàn tó àádọ́ta mítà, nítorí náà mo rìn yí oko ká, mo wo ilẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ni oko ti padà sí abúlé lọ bu omi wá, èmi nìkan ni mo wà nílẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ gbé e sókè, mo gbọ́ ohùn kan láti apá ibi tí àwọn ọ̀pẹ wà. “Ẹni ilẹ̀ o.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ké, ó fà á gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. “Ẹni ilẹ̀ o.” Mo gbọ́ ọ ketekete, Bàbá. Mo rò pé ó ń pe ẹni tí wọ́n jọ wá sóko ni. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí mo dàgbà sí, ẹni tí kò bá dárúkọ rẹ, ìwọ kọ́ ló ń bá wí. N kò dáhùn.

Dróònù náà yí oko ká lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí bátìrì rẹ̀ fẹ́ tán, ó yí padà fúnra rẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é, ó ń bọ̀ wá bá mi ní ìwọ̀n gíga tí mo ti yàn fún un, òkè orí igi kòkó díẹ̀. Mo ti wọn kòkó. N kò wọn ọ̀pẹ. Ó gba ẹ̀yìn ọ̀pẹ kan kọjá, mo gbọ́ igbe, mo sì gbọ́ ohun kan tó já gba àárín ewé. Àdá ni. Ó gún ilẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ méjì lọ sí àpótí mi. Ìgbà náà ni mo gbójú sókè.

Bọ́ọ̀dà Boaz ni. Ẹ mọ̀ wọ́n, akọ̀pẹ tí gbogbo ìlú ń pè ní Bọ́ọ̀dà Boaz bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ìró dróònù lẹ́yìn wọn ló ta wọ́n jì tí ẹsẹ̀ wọn fi yọ̀. Igbà tí wọ́n fi gun ọ̀pẹ ni Ọlọ́run lò fún wọn. Kò já. Ó gbé wọn dúró díẹ̀, wọ́n sì yọ̀ bọ̀ lórí ìdí imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ títí wọ́n fi dé ilẹ̀. Itan wọn ti bó, èjìká òsì wọn sì ti yẹ̀. Mo sáré débẹ̀. Wọn kò bú mi. Wọ́n kàn bi mí pé, “Ṣé o gbọ́ nígbà tí mo ké?”

Mo ní, “Mo gbọ́, sà.”

“Kí ló dé tí o ò dáhùn?”

Mo ní mo rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń ké sí. Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi níbẹ̀, tàwọn ti èjìká tó yẹ̀. Ẹni tó wà lókè ọ̀pẹ kì í rí ìsàlẹ̀, imọ̀ ti dí i lójú. Kó tó gé ìdì ẹyìn, á ké. Ẹni tó bá wà nítòsí á dáhùn pé, “Ẹni òkè o, mo wà níhìn-ín,” kí ti òkè lè mọ ibi tó wà, kó sì sọ fún un bóyá kó dúró tàbí kó kọjá. Bí kò bá sí ìdáhùn, akọ̀pẹ mọ̀ pé òun nìkan ló wà lóko, á sì túra ká sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní, “Ẹni tó bá dákẹ́, ó ti sọ pé òun ò sí ńbẹ̀. O sọ fún mi pé kò sẹ́nì kankan, ọmọ Wolé-wolé, o wá rán irin sí mi.” Iṣẹ́ yín àtijọ́ ni wọ́n ṣì fi ń pè mí. Wọ́n tiẹ̀ gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín lé e. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Mo gbé wọn lọ sí ọsibítù. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo la ẹnu, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọwọ́ ọ̀tún di ọrùn ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, “Òòyì ló kọ́ mi lókè.” Wọ́n to èjìká náà padà, wọ́n fi aṣọ so apá wọn kọ́rùn. Nígbà tí a jáde, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, “Bí wọ́n bá gbọ́ pé irin ẹ ni, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹ, kòkó àwọn èèyàn wa á sì wà nílẹ̀ láìrí ẹni rà á. O ti gbé mi wá, o ò sá. Ọ̀rọ̀ ti tán. Má sọ ọ́ fẹ́nì kankan.” Mo ṣèlérí fún wọn. Bàbá, ó tù mí lára nígbà tí mo ṣe ìlérí náà, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí báyìí.

Ohun tí n kò rò ni pé irọ́ wọn yóò ní ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Bọ́ọ̀dà Boaz dìde nínú ìjọ Aládùúrà wọn, pẹ̀lú aṣọ funfun àti apá tí wọ́n so kọ́rùn, wọ́n sì jẹ́rìí ìdúpẹ́. Wọ́n ní òòyì kọ́ àwọn lórí ọ̀pẹ, Olúwa sì rán áńgẹ́lì gbá àwọn mú. Ìyàwó wọn, Ìyá Goodness, ló sọ ọ́ fún mi tayọ̀tayọ̀, pé gbogbo ìjọ ló gberin. Ìyá Goodness kò mọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà kò dúró sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ọ̀pẹ. Ta ni yóò gbé ọ̀pẹ rẹ̀ fún akọ̀pẹ tí òòyì ń kọ́? Àsìkò tí ẹyìn máa ń pọ̀ jù ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún, dókítà sì ní èjìká wọn á ti san nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta ti ránṣẹ́ pé àwọn ti fi ọ̀pẹ àwọn lé Dúrótìmí lọ́wọ́. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni Dúrótìmí, Bọ́ọ̀dà Boaz fúnra wọn ló kọ́ ọ níṣẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó so mí lọ́wọ́. Kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀ ni dróònù kan ti já lulẹ̀ níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Àpòmù. Ó bọ́ sáàárín ẹgbẹ́ akọrin, ó gé ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Ọmọ́bọ́lá lọ́wọ́, ojú méje ni wọ́n rán an. Ògoolúwa tó máa ń ya fídíò ìgbéyàwó ló ni ín, àwọn ọmọ Àpòmù sì ti sọ ọ́ ní Ògo-já-lulẹ̀ láti ọjọ́ náà. Àwọn àgbà Ìkirè àti Àpòmù wá yan ìgbìmọ̀ ẹni méje pé kí wọ́n ṣe òfin tí yóò dáàbò bo ará ìlú lọ́wọ́ dróònù, èyí tí wọ́n máa kà ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí, tí ìjọba ìbílẹ̀ yóò sì fi òǹtẹ̀ lù. Alàgbà Ayọ̀kúnlé, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága. Wọ́n ní èmi ni mo mọ nǹkan náà, kí n wá ṣe akọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń kọ òfin ní Ọjọ́bọ̀, tí ó sì ti ṣẹ ẹlòmíràn ní Ọjọ́rú.

Ìpàdé wa kì í ṣe ìpàdé tí ènìyàn ń sùn. Alhaja Raheemat, tí ilé wọn wà lẹ́yìn ọjà Àpòmù, ló kọ́kọ́ dìde. Wọ́n ní, “Balùwẹ̀ mi ò ní òrùlé, kò sì ní in látìgbà ìyá ọkọ mi. Ọlọ́run nìkan ni mo gbà láyè láti máa wò mí látòkè.” Ògoolúwa, tí wọ́n pè kó wá sọ tẹnu rẹ̀, dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin àgbà, mo jẹ̀bi, mo sì ti lọ bẹ àwọn òbí ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ọjọ́ kan gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ sọ ibi tí mi ò gbọdọ̀ fò dé fún mi, mi ò ní débẹ̀.” Alàgbà ní ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí nìyẹn, Alhaja sì ní kí ọmọlúàbí náà ṣáà jìnnà sí balùwẹ̀ òun. Láti inú àríyànjiyàn yìí la ti rí òfin mẹ́rin kọ. Gbogbo ẹni tó bá ní dróònù á forúkọ sílẹ̀, á sì kọ nọ́ńbà sí i lára gàdàgbà. Kò gbọdọ̀ fò lórí ọjà tàbí lórí èrò. Kò gbọdọ̀ fò lórí àgbàlá ẹnikẹ́ni láìgba àṣẹ onílé. Kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọ̀nà márosẹ̀, kí awakọ̀ má baà máa wòkè.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan oko. Alàgbà Ayọ̀kúnlé ní, “Ẹ jẹ́ ká fi oko sílẹ̀. Ta ló wà lókè lóko, bí kò ṣe ẹyẹ?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alhaja Raheemat ní, “Àfi Boaz, òun náà sì ti sọ̀ kalẹ̀ láìlo ẹsẹ̀.” Ẹ̀rín náà wá pọ̀ sí i. Ẹnì kan ní àgbà ti dé sí i, òòyì ti mọ orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, Bàbá, gbogbo wọn ló fẹ́ràn Bọ́ọ̀dà Boaz. Ṣùgbọ́n mo ti kọ “5” sórí ìwé, báírò mi kò sì lè kúrò níbẹ̀. Alàgbà ní, “Akọ̀wé, kí ló wà ní ìkarùn-ún?” Mo ní mo ṣì ń wá ohun tí màá kọ síbẹ̀. Wọ́n ní, “Wá a kó tó di ìpàdé tó kàn. Ṣùgbọ́n rántí, a kì í ṣòfin fún ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí.”

Irọ́ ni mo pa fún Alàgbà, torí mo mọ ohun tó yẹ kó wà ní ìkarùn-ún. Kí ẹni tó fẹ́ gbé dróònù sókè lóko kọ́kọ́ ké sókè, kó dúró gbọ́, kó má sì gbé e bí ẹnikẹ́ni bá dá a lóhùn látorí ọ̀pẹ, àfi tí ẹni náà bá sọ̀ kalẹ̀. Kó má sì jẹ́ kó fò nísàlẹ̀ orí ọ̀pẹ tó ga jù nínú oko. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e kalẹ̀, wọ́n á bi mí pé ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ tí yóò tún ṣẹlẹ̀. Ògoolúwa sọ fún mi pé àwọn kan ní Ìkòyí tó wà nítòsí Àpòmù ń bọ̀ wá ra èyí tó ń fọ́n oògùn sí kòkó, tó fẹ̀ ju tábìlì ìjẹun yín lọ. Láti ibí títí dé Ararọ̀mí-Òwu, mo ti ka akọ̀pẹ mọ́kànlá. Èyí tó fò kọjá lẹ́yìn Bọ́ọ̀dà Boaz kò wúwo tó àdìyẹ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo lọ bá wọn. Wọ́n jókòó sórí ẹní lẹ́yìn ilé, wọ́n ń hun igbà tuntun, ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n fi dì í mú, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń lọ́ ọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí dórí ẹ̀rín tí wọ́n rín. Wọ́n dáwọ́ igbà náà dúró. Wọ́n ní, “Bí mo bá ní irin ni, mo ti parọ́ níwájú pẹpẹ, gbogbo ìjọ ló sì bá mi gberin irọ́. Bí mo bá dákẹ́, Dúrótìmí ló máa gun ọ̀pẹ mi lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì ní mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn òun.” Mo ní kí wọ́n tú mi sílẹ̀ nínú ìlérí mi, kí n sọ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ẹ̀bi tèmi kò ní kí irọ́ tiwọn má jẹ́ irọ́. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ igbà náà. Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Kọ̀wé sí Wolé-wolé. Ohun tí wọ́n bá ní ká ṣe, màá ṣe é.”

Ìdí tí mo fi ń kọ ìwé yìí nìyẹn. Ẹ̀yin fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n wọ ilé onílé, tí ẹ ń yọjú sí ìkòkò omi, tí ẹ ń sọ fún ènìyàn ohun tí kò fẹ́ gbọ́ nípa ìdọ̀tí rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tó ń sá fún yín nígbà náà ni wọ́n ń béèrè yín lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́. Ìpàdé wa jẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá. Bí wọ́n bá gba dróònù mi, màá fara mọ́ ọn, ó kàn ń ṣe mí bí ẹni pé àwọn àgbẹ̀ ló máa jìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ohun tí n kò lè fara mọ́ ni kí n ra ààbò akọ̀pẹ mọ́kànlá pẹ̀lú orúkọ ẹni kan ṣoṣo tó dáàbò bò mí. Ẹ fi báírò pupa yín sí gbogbo ibi tí mo bá ti ṣì í kọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe yín, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi.

Kí Olúwa tó ń la ojú afọ́jú la ojú yín kedere, kí ẹ lè fi ka ìwé ìgbéyàwó mi láìwọ awò. Kí ilé Àǹtí tù yín lára. Kí ẹsẹ̀ yín padà wá tẹ ilẹ̀ Ìkirè ní àlàáfíà. Àṣẹ.

Èmi ni ọmọ-ọmọ yín tí ẹ kọ́ ní lẹ́tà kíkọ,
Fọláṣẹwà.

Àfikún: Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo bi Bọ́ọ̀dà Boaz pé kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀yin ni kí n kọ̀wé sí. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, bàbá àwọn máa ń ké látorí ọ̀pẹ, àwọn tó wọ káákí láti ìjọba sì máa ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ máa ń sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ yín, tí ẹ á gbé orí sókè, tí ẹ á ní, “Ẹni òkè o, Wolé-wolé ni, mo dúró.” Bàbá, àwa méjèèjì ti ké báyìí. Kí ni ká ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wa lóhùn kó tó di Ọjọ́bọ̀ yẹn.